MPO nẹ́gétíìfù kò tíì sọ pé ALL ni: ẹ bá mi wo síláìdì ọmọ ọdún 9 yìí

OjúLẹ́ńsì_Bódìjà | 9:12 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará lábù. Síláìdì kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ wò. Ọmọ ọdún 9 ni. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ jẹ́ 84 × 10⁹/L, platelet 22, hímóglóbíìnì 6.1. Nínú sẹ́ẹ̀lì funfun 100 tí a kà lórí Leishman (aró tí a fi ń wo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀), 71 ló jẹ́ blast (sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà). Wọ́n tóbi níwọ̀nba, ara wọn búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, a ò sì rí Auer rod (ọ̀pá pupa tín-ín-rín inú blast) kankan. Wọ́n ṣe MPO (aró tó ń wá ẹ́ńsáìmù myeloperoxidase, ti myeloid, ìran tí nútirófíìlì ti wá), blast kankan kò ní àwọ̀. Wọ́n ṣe PAS (aró tó ń wá ṣúgà inú sẹ́ẹ̀lì), díẹ̀ nínú wọn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kò ṣù jọ bí òkìtì. Wọ́n ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ALL (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ti ìran límfósáìtì) ni, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ṣì ń wá owó flow cytometry (ẹ̀rọ tó ń ka àmì ara sẹ́ẹ̀lì). Ṣé ohun tó wà nílẹ̀ yìí tó láti kọ ALL? Mo gbé àwòrán Leishman náà sí ìsàlẹ̀.

Aláró_Mọ́kọ́lá | 9:31 àárọ̀

Kò tó. Ẹ má tíì kọ ọ́.

MPO tó jáde ní nẹ́gétíìfù kò sọ pé límfósáìtì ni blast. Ohun tó sọ ni pé a ò rí myeloperoxidase nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ AML (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ti ìran myeloid) náà ní irú tí kò ní in: ẹ̀ka M0, M7, àti ọ̀pọ̀ M5a. ALL ní àmì tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ rí kí a tó pè é bẹ́ẹ̀, CD19 àti CD79a fún ti B, CD3 fún ti T, TdT fún méjèèjì. Pé a ò rí ti ẹnì kan kò sọ ọ́ di ti ẹnì kejì.

Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ìbéèrè méjì. Nútirófíìlì tó wà lórí síláìdì MPO yẹn gan-an, ṣé wọ́n ní àwọ̀ búráùn? Síláìdì náà sì ti pé ọjọ́ mélòó?

OjúLẹ́ńsì_Bódìjà | 9:44 àárọ̀

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti padà lọ wò ó. Nútirófíìlì 6 péré ni mo rí lórí gbogbo síláìdì, kò sí ọ̀kan tó ní àwọ̀. Fíìmù náà ti pé ọjọ́ 5. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti yà á, wọ́n wá kó o wá sí Ìbàdàn. Lórí àwo gbalasa lẹ́bàá fèrèsé ló wà látìgbà yẹn.

Aláró_Mọ́kọ́lá | 9:58 àárọ̀

Ó tán. MPO yẹn kì í ṣe nẹ́gétíìfù, kì í ṣe pọ́sítíìfù. Àyẹ̀wò náà kò tíì wáyé.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú MPO, sẹ́ẹ̀lì kì í fa aró mu bí aṣọ ṣe ń fa ẹlú. Ẹ́ńsáìmù inú hóró (granule) sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe àwọ̀ náà fúnra rẹ̀: ó ń lo hydrogen peroxide láti yí DAB (kẹ́míkà tó ń di aró) padà, DAB yóò sì dì ní búráùn síbi tí ẹ́ńsáìmù wà gan-an. Bí ẹ́ńsáìmù bá ti kú, àwọ̀ kankan kò ní jáde, ì báà jẹ́ myeloid paraku. Ìmọ́lẹ̀ àti ọjọ́ ló ń pa á. Fíìmù MPO, inú òkùnkùn ló ń gbé, ọjọ́ kan náà ló sì dáa jù kí a ṣe é. Kó má ṣáà kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ 5 lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé ti pọ̀ jù.

Nútirófíìlì ara síláìdì ni kọntiróòlù tí kò náni ní kọ́bọ̀. Òun ni ká kọ́kọ́ wò, kí ojú tó lọ sórí blast. Bí ó bá búráùn tí blast sì funfun, a lè sọ̀rọ̀ nẹ́gétíìfù. Bí òun náà bá funfun, ẹ dúró. (Àwọn kan wà tí wọ́n bí láìní MPO nínú nútirófíìlì wọn, wọn ò pọ̀. Nítorí ìyẹn ni síláìdì ẹni tí ara rẹ̀ dá fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláìsàn nínú ìgò kan náà.)

Hóró_Yemẹtu | 10:20 àárọ̀

Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì di ẹ̀bi ru síláìdì nìkan. Peroxide máa ń kú nínú ìgò, pàápàá ìgò tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé nínú ooru. Ẹ gún ìka ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹ ya fíìmù tuntun, ẹ fi omi aró yín kan náà ṣe é. Bí nútirófíìlì rẹ̀ bá búráùn, síláìdì ọmọ yẹn ló ti gbó. Bí kò bá búráùn, omi aró ló kú, gbogbo MPO tí ẹ ti fi ìgò yẹn ṣe ni ẹ ó sì padà wò.

Òṣùwọ̀n rẹ̀: fi buffered formal-acetone tútù fix fíìmù (kí sẹ́ẹ̀lì dúró bó ṣe wà) fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí fíx tó pẹ́ ń pa ẹ́ńsáìmù. Fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ. Po DAB 30 mg mọ́ bọ́fà fọ́sífeetì 60 mL tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.3, kí o wá fi peroxide 30% sí i, 120 µL. Lílò ojú ẹsẹ̀ ni. Ri síláìdì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ṣàn án, fi haematoxylin ṣe aró kejì fún ìṣẹ́jú 1 sí 5.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣubú: peroxide ilé ìtajà òògùn, 3% ni. Ẹni tó bá mú 120 µL nínú ìyẹn ti fi ìlọ́po mẹ́wàá dín in kù. 1.2 mL ni kó mú. Ẹlòmíì á sì bù ú kún un kí àwọ̀ lè tètè jáde, peroxide tó pọ̀ jù náà á sì pa ẹ́ńsáìmù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, wọ́n ń fura sí DAB pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ má dà á sínú sínǹkì.

Aláró_Mọ́kọ́lá | 10:41 àárọ̀

Ìyẹn dára. Ní ti ọmọ yìí, a ò ní láti dúró de ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí fíìmù tí wọn ò tíì fi aró kàn bá ṣì wà, Sudan Black B ló kàn. Ibi tí MPO ń wò náà ni òun ń wò, hóró myeloid, ṣùgbọ́n ọ̀rá ara hóró ló ń wá, kì í ṣe ẹ́ńsáìmù. Fíìmù tó ti pẹ́ kò dí i lọ́wọ́.

Ìgò kìíní: Sudan Black B 0.3 g nínú ethanol ògidì 100 mL. Mì ín dáadáa títí yóò fi yọ́. Ìgò kejì: yọ́ phenol tó dì bí hóró iyọ̀ 16 g nínú ethanol ògidì 30 mL, kí o dà á sínú omi 100 mL tí o ti yọ́ Na₂HPO₄·12H₂O 0.3 g sí. Phenol ń jó ara bí iná, ìbọ̀wọ́ kò ṣeé yọ sílẹ̀. Àpòpọ̀ tí a ó lò: 60 mL láti inú ìgò kìíní, 40 mL láti inú ìkejì. Sẹ́ ẹ.

Fi òórù formalin fix fíìmù gbígbẹ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Kì í ṣe pé kí o ri í sínú formalin. Òwú tí formalin wà lára rẹ̀ ni kó wà nísàlẹ̀ ìgò, síláìdì lókè, ìdérí lórí. Lẹ́yìn náà, wákàtí 1 nínú aró, nínú ìgò Coplin tó ní ìdérí, torí bí ọtí bá ń fẹ́ lọ, aró á dì sórí síláìdì bí èérún èédú. Nígbà tí o bá yọ ọ́, ethanol 70% ni kó kọ́kọ́ kàn án, kì í ṣe omi. Rì í, gbọ̀n ọ́n, rì í, gbọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí omi bá kọ́kọ́ kàn án, ẹ̀gbin dúdú á bo gbogbo rẹ̀. Bí ó bá sì pẹ́ jù nínú ethanol, àwọ̀ ara hóró á ṣí kúrò. Wá fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ, kí o fi Leishman ṣe aró kejì láìtún fix ẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agodi | 10:55 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, bí ethanol bá lè ṣí aró náà kúrò, kí ló dé tí ethanol tí wọ́n fi po ó kò dí i lọ́wọ́ láti wọlé?

Aláró_Mọ́kọ́lá | 11:02 àárọ̀

Ìbéèrè gidi. Sudan Black máa ń yọ́ nínú ethanol, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rá jù ú lọ. Nígbà tí ó bá wà nínú ọtí tí omi ti là díẹ̀, ó máa ń wá ọ̀rá lọ, ibẹ̀ ni yóò sì fìdí sí. Phenol ló ń bá a dì mọ́ hóró. Ṣùgbọ́n kò sí aró tí a kò lè fọ̀ kúrò bí a bá fọ̀ ọ́ pẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ ìṣẹ́jú kan.

ÀgbàSíláìdì | 11:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àwòrán Leishman yẹn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ pupa inú rẹ̀. Kò pupa. Ó rí bí eérú tí wọ́n da ẹlú sí. Hóró eosínófíìlì kan wà lápá ọ̀tún lókè tó yẹ kó pọ́n bí ọsàn, òun náà ti ṣú. pH bọ́fà yín ti ga. Lórí irú síláìdì bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè sọ pé ara blast "búlúù fẹ́ẹ́rẹ́", ẹ ò sì lè sọ pé kò sí Auer rod.

Aró méjì ló ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nínú Leishman. Azure B jẹ́ aró báàsì, ohun tó jẹ́ ásíìdì ló ń wá: DNA inú núkílíọ́sì, RNA inú ara sẹ́ẹ̀lì. Eosin jẹ́ aró ásíìdì, hímóglóbíìnì ló ń wá. Bọ́fà 6.8 ló ń pín in fún wọn ní déédéé. Bí pH bá lọ sókè, azure á gba gbogbo ilé, ohun gbogbo á di búlúù. Bí ó bá lọ sílẹ̀, eosin á borí, núkílíọ́sì á ṣá. Auer rod, pupa tín-ín-rín ni nínú ara blast. Bí búlúù bá ti bo gbogbo rẹ̀, ojú ò ní rí i.

Omi inú ọ̀rá, píọ́ wọ́tà, kì í ṣe bọ́fà. Mo ń sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé wọ́n ń lò ó. Ti òní lè jẹ́ 6.5, ti ọ̀la lè jẹ́ 7.6, ẹ ò sì ní mọ̀ títí tí síláìdì á fi bàjẹ́. Ẹ po bọ́fà, ẹ fi mítà wọn ọ́n.

Ẹ fi methanol fọ aró yẹn kúrò, kí ẹ tún un ṣe. Leishman dídà bo fíìmù fún ìṣẹ́jú 2, bọ́fà ìlọ́po méjì rẹ̀ lórí ẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kí wọ́n pò pọ̀, ìṣẹ́jú 7 (ti mùdùnmúdùn egungun gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ níbẹ̀), kí ẹ fi bọ́fà fọ̀ ọ́. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ bo síláìdì, torí methanol á gbẹ kí ẹ tó da bọ́fà sí i, aró á sì hù sórí sẹ́ẹ̀lì bí ilẹ̀pa. Ní ìgbà òjò, ìṣòro mìíràn ni: methanol ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ihò tó ń dán yinrin-yinrin á wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ìgò methanol kékeré kékeré, tí a dé pa, ló ń gbà wá.

Ẹni tó bá rò pé ojú nìkan tó, kó rántí pé Auer fúnra rẹ̀, nígbà tó kọ nípa rod wọ̀nyẹn ní 1906, límfósáìtì ńlá ló pe sẹ́ẹ̀lì tó rí wọn nínú ẹ̀. Lónìí, rod yẹn gan-an ni a fi ń mọ̀ pé blast kì í ṣe límfósáìtì.

ẸniÒjé | 12:05 ọ̀sán

Ẹ má bínú pé mo gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Aláìsàn tèmi nìyí: sẹ́ẹ̀lì funfun 96, nútirófíìlì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló kún inú ẹ̀, blast kò tó 2%. Báwo ni mo ṣe lè fi aró mọ̀ bóyá CML (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ myeloid tó ń rọra dàgbà) ni tàbí àkóràn ló fà á?

Hóró_Yemẹtu | 12:14 ọ̀sán

NAP (aró tó ń wá ẹ́ńsáìmù alkaline phosphatase inú nútirófíìlì). Kà nútirófíìlì 100, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 4 bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí o ro ó pọ̀. Bí 60 bá gba 0, tí 25 gba 1, tí 10 gba 2, tí 4 gba 3, tí 1 gba 4, 25 + 20 + 12 + 4 = 61 nìyẹn. CML máa ń wà nílẹ̀ pátápátá, nígbà mìíràn 0. Àkóràn máa ń gbé e sókè. Oyún náà ń gbé e sókè, ẹ bi í léèrè bó bá jẹ́ obìnrin. Má fi ẹ̀jẹ̀ inú EDTA (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) ṣe é, EDTA ń dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́. Ìka ni kó ti wá, tàbí heparin.

Ṣùgbọ́n má fi NAP parí ọ̀rọ̀ CML. BCR-ABL1 (jíìnì tó ń fa CML) ló ń parí rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣí ọ̀nà òògùn imatinib.

OjúLẹ́ńsì_Bódìjà | 2:26 ọ̀sán

Àbájáde ti dé.

Peroxide: nútirófíìlì ẹni tí ara rẹ̀ dá búráùn dáadáa. Omi aró kò ní ẹ̀bi, síláìdì ló gbó.

Sudan Black: nútirófíìlì ọmọ náà dúdú kirikiri, kọntiróòlù dúró. Mo ka blast 200. 26 ló ní hóró dúdú, ìyẹn 13%. Hóró náà kò tàn káàkiri, ẹ̀gbẹ́ kan núkílíọ́sì ló ṣù sí, níbi tó ti tẹ̀ wọnú díẹ̀.

Leishman tí a tún ṣe: ẹ̀jẹ̀ pupa ti pọ́n padà. Mo wo blast bíi 300, Auer rod kan wà, ẹyọ kan ṣoṣo, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.

Aláró_Mọ́kọ́lá | 2:40 ọ̀sán

Ẹ ṣeun tí ẹ wo 300. Ẹni tó wo 100 ì bá ti kọjá lára rod yẹn.

3% ni ààlà, 13% ti rékọjá rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ rí pé Sudan Black mú blast ALL, ṣùgbọ́n eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń jẹ́, kì í ṣe hóró dúdú tó gún régé, ALL kì í sì í ní Auer rod. Ẹ̀rí méjì tí kò sí lára ara wọn ló ń sọ ohun kan náà. Blast 71% sì ti kọjá 20% tí WHO ń lò láti 2001, ó kọjá 30% tí FAB (àwọn tó pín AML sí M0 dé M7) lò tẹ́lẹ̀ pàápàá. AML ni.

Òògùn méjèèjì kò bá ara wọn lọ. Ti ALL ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú steroid, vincristine àti asparaginase. Ti AML, cytarabine àti daunorubicin ni òpó rẹ̀. Bí wọn ò bá tíì fún ọmọ yìí ní prednisolone, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fún un kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

ÀgbàSíláìdì | 2:58 ọ̀sán

Ẹ fi M3 (ẹ̀ka AML ti promyelocyte) sọ́kàn kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Promyelocyte náà lè wá láìní hóró tó hàn lójú, núkílíọ́sì rẹ̀ á pín sí méjì bí ẹ̀wà tí wọ́n là, ẹ̀jẹ̀ funfun á sì ga bí ti ọmọ yìí. Ohun tó ń tú u fó ni MPO tàbí Sudan Black: fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo blast ló máa ń mú un, ó sì máa ń nípọn. 13% tó ṣù sí ẹ̀gbẹ́ kan kò jọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ bèèrè PT, APTT àti fibrinogen (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì) lónìí, torí ẹ̀jẹ̀ dídà ló ń pa aláìsàn M3, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá fura sí i, òògùn rẹ̀, ATRA, ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rí jíìnì tó dé.

Hóró_Yemẹtu | 3:17 ọ̀sán

Ó ku ẹ̀ka. Blast tó tóbi, tí Sudan Black kò pọ̀ lára wọn, ẹ wò ó bóyá mónósáìtì wà níbẹ̀. ANAE (aró tó ń wá ẹ́ńsáìmù esterase) ló ń sọ ìyẹn, mónósáìtì á pọ́n bí osùn káàkiri ara. Síláìdì méjì ni ẹ ó ṣe, ọ̀kan lásán, ọ̀kan tí NaF (sodium fluoride) wà nínú aró rẹ̀, 1.5 mg sí mL kan. Ti mónósáìtì á pa rẹ́ nínú ti NaF. Bí kò bá pa rẹ́, kì í ṣe mónósáìtì. Pararosaniline àti sodium nitrite 4% ni ẹ ó pò ní déédéé fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó lò ó. Nitrite náà, òní ni kí ẹ pò ó. Ti àná kì í ṣiṣẹ́, síláìdì á sì funfun bí ẹni pé nẹ́gétíìfù ni.

ANAE náà ẹ́ńsáìmù ni. Síláìdì ọjọ́ 5 yẹn kò wúlò fún un. Ẹ gba tuntun nígbà tí wọ́n bá ń fa mùdùnmúdùn: èyí tó kọ́kọ́ jáde, kó má tó 0.5 mL, ni ẹ ó fi ya fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, torí bí a bá ti ń fà á pọ̀, ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń là á. Fíìmù 10 kò pọ̀ jù. Ẹ wá fa ti EDTA fún flow àti ti sodium heparin fún kromosómù. Ẹ fi bébà aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ wé fíìmù tí ẹ kò tíì lò.

OjúLẹ́ńsì_Bódìjà | 3:49 ọ̀sán

Wọn ò tíì fún un ní prednisolone. Dókítà ti gbọ́, ọ̀la ni wọ́n ń fa mùdùnmúdùn. Ohun tí mo kọ rèé: "Acute leukaemia, blast 71%. Sudan Black B pọ́sítíìfù nínú 13% blast, Auer rod wà: AML. MPO nẹ́gétíìfù. Ẹ̀ka rẹ̀ ń dúró de ANAE, flow àti kromosómù."

Aláró_Mọ́kọ́lá | 3:55 ọ̀sán

Ẹ yọ "MPO nẹ́gétíìfù" kúrò. Ẹni tó bá gba ìwé yìí ní ìlú mìíràn kò ní mọ̀ pé síláìdì ló gbó. Ẹ kọ ọ́ pé "MPO kò ṣeé kà, nútirófíìlì kọntiróòlù kò ní àwọ̀", kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ya fíìmù náà àti ọjọ́ tí ẹ fi aró kàn án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

OjúLẹ́ńsì_Bódìjà | 4:03 ìrọ̀lẹ́

Mo ti yí i padà. Àpótí onídèérí ti dípò àwo gbalasa, ó sì ti kúrò lẹ́bàá fèrèsé.